Ọjọ́ Tí Wọ́n Lu Agogo Aya Mi

Òórùn ìgbẹ́ àdán ni ó kọ́kọ́ pàdé mi ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì náà, lẹ́yìn náà ni òórùn àbẹ́là àti ti òkúta tí kì í gbẹ tán. Ìlú àwọn àna mi ni, ọ̀kan nínú àwọn ìlú kéékèèké tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè láàrin Aramọ́kọ àti Ẹ̀fọ̀n, ìlú tó ti wà kí òyìnbó tó dé, tí yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí i ká nígbà ogun ṣì hàn nínú igbó títí di òní. Ibi tó ga jù lórí òkè náà ni wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí. Wọ́n ní àlùfáà òyìnbó kan ló ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé, bí ó ṣe rántí ṣọ́ọ̀ṣì ìlú ìyá rẹ̀, tí àwọn ará ìlú sì ru òkúta gun òkè fún un, tọkùnrin tobìnrin, títí ilé náà fi parí. Àwọn fèrèsé rẹ̀ gùn, orí wọn ṣe ṣóńṣó bí àtẹ́lẹwọ́ méjì tí a pa pọ̀ láti gbàdúrà. Gíláàsì pupa àti aláwọ̀ aró ni wọ́n fi dí wọn. Ilé agogo rẹ̀ ga, ó ní igun mẹ́rin, òkèèrè ni àlejò ti ń rí i kó tó rí ìlú. Káfíńtà ni mí. Mo gbójú sókè wo igi òrùlé, mo rí i pé ìrókò ni, àti pé wọ́n fi igi bọ inú igi, ìṣó kò pọ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni. Ó sì dùn mí pé iṣẹ́ gidi ni. Ẹni tó bá kórìíra ilé kan kì í fẹ́ kí ilé náà lẹ́wà.

Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gun òkè náà, ní ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú, n kò dé inú. Pósí ni mo gbé wá.

Ọmọ ìjọ náà ni aya mi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un, ó sì bá wọn kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin nígbà tó wà lọ́mọdébìnrin. Èmi jẹ́ ọmọ alágbẹ̀dẹ ní Ìjerò. Ilé Ògún ni wọ́n bí mi sí, n kò sì fojú kan ilé-ìwé títí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, nítorí bàbá mi fẹ́ kí n máa fínná fún òun ní ilé arọ. Mo ti di géńdé, mo ti ń ṣe iṣẹ́ igi, kí n tó mọ ìwé kà dáadáa ní kíláàsì àwọn àgbà. Aya mi yìí ni olùkọ́ wa níbẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ ara wa, a ṣe ìdána nílé, a kò lọ fi òrùka síra wa lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, torí bàbá mi ṣì wà láyé, ó sì ní ọmọ òun kò ní kúnlẹ̀ níwájú àlùfáà. Ìjọ náà yọ orúkọ aya mi kúrò nínú ìwé àwọn tó ń gba oúnjẹ Olúwa. Kò bínú. Ó ní, "Ìjọ àwọn bàbá mi ni, wọ́n á rọ̀ tó bá yá." Ṣùgbọ́n nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni ó bẹ̀ mí: kí n gbé òun gun òkè, kí wọ́n lu agogo fún òun.

Àṣà kan wà ní ìlú wọn tí n kò rí níbòmíràn. Bí ọmọ ìjọ bá kú, iye ọdún tó lò láyé ni wọ́n máa ń lu agogo. Wọn a lù ú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn a sì dúró díẹ̀ láàrin ọ̀kan sí èkejì. Gbogbo ìlú a dákẹ́. Ẹni tó ń roko a fara ti ọkọ́, ẹni tó ń lọ ata a gbé ọwọ́ kúrò lórí ọlọ, olúkúlùkù a máa fi ìka kà á. Bí agogo bá fi máa dákẹ́, púpọ̀ nínú wọn a ti mọ ẹni tó kú, torí wọ́n mọ ọjọ́ orí ara wọn, wọ́n sì mọ ẹni tí ara rẹ̀ kò dá. Ìyá aya mi ti darúgbó nígbà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Kò lè wá sí Ìjerò, kò sì lè gun òkè. Agogo yẹn nìkan ni yóò fi bá wa sin ọmọ rẹ̀.

Igi apá ni èmi fúnra mi fi kan pósí náà. Àwa mẹ́fà la gbé e. A ti gun àtẹ̀gùn òkúta náà dé ìdajì nígbà tí Bàbá Ìjọ, olórí àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì, jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó sì na ọ̀pá rẹ̀ sí wa.

"Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má gbé e dé ibí."

Mo ní, "Bàbá, ọmọ yín ni."

"Ó jẹ́ ọmọ wa nígbà kan. Ilé Ògún ló yàn láti fẹ́, kí ilé Ògún sin ín."

"Agogo nìkan ńkọ́, Bàbá?"

"Agogo kò sí fún un. Òfin ni."

Àlùfáà kékeré kan dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. A yí padà. Bí o kò bá gbé pósí sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè rí, jẹ́ kí n sọ fún ọ: gbogbo ìwúwo rẹ̀ ni ó máa ń wá sí èjìká àwọn tó wà níwájú. Èmi ni mo wà níwájú. A gba iwájú ilé ìyá rẹ̀ kọjá. Màmá jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí orúnkún, ó ya àwọn ìka rẹ̀ sílẹ̀ láti máa kà. Ó bi mí pé, "Wọn ò tíì lù ú?" Màmá kú kí ọdún yẹn tó parí.

Ẹ̀yìn ilé mi ní Ìjerò ni mo sin aya mi sí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pọ́n ìbínú mi bí mo ṣe ń pọ́n ayùn, eyín kan lẹ́yìn èkejì, láìkánjú. N kò ṣépè, n kò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo kàn ń dúró. Mo máa ń rò pé bí bàbá yẹn bá kú kí n tó rí i, ó ti rẹ́ mi jẹ lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà, mo ń gbàdúrà fún ẹ̀mí gígùn rẹ̀. Má rẹ́rìn-ín. Tọkàntọkàn ni mo fi ń gbà á.

Àdúrà náà gbà. Ọmọ kan ṣoṣo ni aya mi bí fún mi, obìnrin, ó ti di tíṣà ní Adó. Ó mú ọkùnrin kan wálé, ọmọ jẹ́jẹ́, tíṣà bíi tirẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹbí ọkùnrin náà wá tọrọ ọmọ, ta ni ó ṣíwájú wọn wọlé mi? Bàbá Ìjọ. Bàbá tó bí bàbá ọkọ ìyàwó ni. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ṣì le, ohùn rẹ̀ ṣì dún. Ó jókòó sórí àga tí mo fi ọwọ́ mi kàn, ó ní àwọn rí òdòdó kan tó tutù yọ̀yọ̀ lọ́gbà mi, àwọn sì fẹ́ já a. Ó wò mí lójú dáadáa. Kò dá mi mọ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Egbò tí mo ti ń gbé kiri láti ọdún mẹ́sàn-án, ẹni tó ṣá mi kò rántí pé òun mú àdá dání rí.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n já òdòdó wọn. Ọmọ mi ń wò mí, ojú rẹ̀ ń dán. Nígbà ìsìnkú ìyá rẹ̀, ìsàlẹ̀ òkè ni ó dúró sí pẹ̀lú àwọn obìnrin. Ó mọ̀ pé ìjọ kọ̀ wá. Kò mọ ẹnu tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde, èmi kò sì sọ fún un. Lẹ́yìn tí àlejò lọ, ó ní òun fẹ́ kí wọ́n so òun àti ọkọ òun pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì orí òkè, níbi tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún ìyá òun. Mo ní kò burú. Mo ní kí n kọ́kọ́ lọ fi ojú ara mi rí i.

Ìdí tí mo fi wà níbẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé yẹn nìyẹn, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ìgbéyàwó pé, tí wọ́n ti pín káàdì tán. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lóru, èéfín ń rú lára òkè. Èmi àti ọmọ mi wọ bọ́ọ̀sì dé Aramọ́kọ, a gun ọ̀kadà dé ẹsẹ̀ òkè, a sì fi ẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn. Nígbà tí mo dé ìdajì, mo dúró. Ọmọ mi rò pé ó rẹ̀ mí ni, ó ní, "Bàbá, ẹ rọra."

Bàbá Ìjọ ń dúró dè wá. "Ẹ káàbọ̀ o, àna mi àtàtà!" Ní ọjọ́ òkú, "o" àti "ìwọ" ni ì bá fi pè mí bí ó bá dá mi yàtọ̀ láàrin àwọn tó gbé pósí; lónìí, ó ń tẹríba fún mi. Ó mú wa yí ká. Ọmọ mi yọ téèpù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ọ̀nà àárín àwọn àga nítorí òdòdó tí wọn yóò tò síbẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ilé agogo hàn mí. Iṣẹ́ igi ni mo fẹ́ wò."

Inú rẹ̀ dùn. Ó ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan, a wọ inú yàrá òkúta tó tutù bí ìkòkò omi. Okùn kan gùn wálẹ̀ láti òkè, ó nípọn tó ọrùn ọwọ́ ọmọdé, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dúdú nítorí ọwọ́ ènìyàn. Ó fọwọ́ pa á bí ẹni ń fọwọ́ pa ẹṣin.

"Agogo yìí, kò sí oko tí wọn kì í ti gbọ́ ọ. Bí ọmọ ìjọ bá kú, iye ọdún rẹ̀ ni à ń lù."

"Gbogbo ọmọ ìjọ?"

"Gbogbo wọn."

"Ẹ kò kọ̀ fún ẹnì kan rí?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àna mi, kò lè ṣe kí á má kọ̀ fún àwọn kan. Òfin ni òfin."

Mo ní, "Obìnrin kan wà, ọmọ ìlú yín, tó lọ́kọ sí Ìjerò. Ọkọ rẹ̀ gbé e gun àtẹ̀gùn yín dé ìdajì. Ẹ ní kí ilé Ògún sin ín."

Ó ń wò mí. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọlé sí i lára, díẹ̀díẹ̀, bí omi ṣe ń wọ inú páálí. Ó wo ẹnu ọ̀nà, níbi tí ohùn ọmọ mi ti ń wá, tó ń ka iye ẹsẹ̀ bàtà. Ó tún wò mí.

"Ìwọ ni?"

"Èmi ni. Ọmọ rẹ̀ ló wà níta yẹn."

"Ọ̀rọ̀ ọjọ́ pípẹ́ ni. Ọlọ́run ti—"

"Ọlọ́run kọ́ ló na ọ̀pá sí wa, Bàbá. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni ó lò láyé. Mo fẹ́ kí ẹ lù ú. Ẹ̀yin fúnra yín. Bí ẹ kò bá lù ú, mo máa jáde báyìí, mo máa sọ fún ọmọ mi ẹni tó dá ìyá rẹ̀ padà. Ẹ wá máa wò ó bóyá á ṣì fẹ́ ọmọ ọmọ yín."

Ó fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ilẹ̀. "Agogo òkú ni! Ìlú á dàrú! Ṣé ọmọ tìrẹ lo wá fi ń bá mi jà?"

"Ìyá rẹ̀ ni mo ń jà fún."

Ó tún wo ẹnu ọ̀nà tí ohùn ọmọ mi ti ń wá. Lẹ́yìn náà, ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri, ó di okùn mú.

Nígbà tó lu ẹyọ kan, àdán tú jáde lókè bí ẹni da èédú síta. Ilẹ̀ tí mo dúró lé mì. Mo kà á sókè: "Ọ̀kan." Mo fẹ́ kó gbọ́ ohùn mi. Nígbà tí ó dé mẹ́wàá, ó bọ́ agbádá rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ó dé mọ́kànlélógún, mo rántí pé ọjọ́ orí tí aya mi wà nìyẹn nígbà tó kọ́kọ́ di ọwọ́ mi mú lórí bébà, tó ní, "Ẹ má tẹ bírò mọ́lẹ̀ bí ẹni ń gbẹ́ igi." Nígbà tí ó dé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ọwọ́ bàbá náà yọ̀ lórí okùn, ó fara ti ògiri, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Jẹ́ kí n sinmi."

"Ẹ sinmi. Mẹ́tàdínlógún ló kù."

N kò ràn án lọ́wọ́. Mo lè ràn án lọ́wọ́, apá mi le. N kò ràn án lọ́wọ́, n kò sì tíì kábàámọ̀ rẹ̀. Ọmọ mi ti dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn pẹ̀lú téèpù lọ́wọ́, ó ń bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo na ọwọ́ sí i pé kó dákẹ́. Bàbá Ìjọ tún di okùn mú. A kà á dé mẹ́tàlélógójì.

Nígbà tí agogo dákẹ́, mo rí i pé kò pẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi ń gbọ́ ọ nínú orí mi, mo sì ti rò pé yóò pẹ́ títí. Kò gbà tó àkókò tí ènìyàn fi ń jẹun àárọ̀.

Ohun tí n kò rò ṣáájú ni pé ìlú ń kà. A gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Àwọn obìnrin mẹ́ta ló kọ́kọ́ dé, èrò sì ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ọ̀kan nínú wọn di gèlè mọ́ ìbàdí, ìyẹ̀fun gààrí wà ní apá rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ìsí ló kú?" Bí wọ́n ṣe ń béèrè "ta ni" ní ọ̀hún nìyẹn. "Bàbá Ìjọ, ìsí ló kú? Àbí okùn ni ẹ̀ ń dán wò? Mo fi gààrí sílẹ̀ nínú agbada o! Bó bá jóná, ẹ̀yin lẹ ó jẹ ẹ́!"

Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan ti kọjá lára rẹ̀. Ó ṣubú lu Bàbá Ìjọ, ó di ẹ̀wù rẹ̀ mú. "Ọmọ mi ni, àbí? Ẹ sọ fún mi. Èyí tó wà ní Ìbàdàn. Ó pé mẹ́tàlélógójì ní oṣù tó kọjá. Mo kà á, mo tún un kà. Ẹ má fi pamọ́ fún mi!"

Mo ti fi ọdún mẹ́sàn-án gbèrò ohun gbogbo, n kò gbèrò obìnrin yìí. Bàbá Ìjọ wò mí. Ó lè purọ́. Ó lè sọ pé àṣìṣe ni, tàbí pé okùn ni wọ́n ń dán wò, kí n wá máa bá a jiyàn. Ó di ìyá náà mú ní èjìká.

"Ọmọ rẹ kọ́," ó ní. "Ọmọ rẹ wà láàyè. Obìnrin kan ni, ọmọ wa tó kú sí Ìjerò ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. A kò lu agogo fún un. Èmi ni mo ní kí wọ́n má lù ú. Ọkọ rẹ̀ nìyí, ọmọ rẹ̀ nìyẹn."

Ìyá àgbà náà sunkún ayọ̀, ó tún sunkún ìbànújẹ́, n kò mọ èwo ni èwo. Obìnrin onígààrí wo Bàbá Ìjọ láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹ̀yin? Ọmọbìnrin tó ń fi ohùn tín-ínrín dá orin? Tí ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú?" Kò dúró gba èsì. Ó yí sí mi, ó kúnlẹ̀ sórí òkúta tútù náà pẹ̀lú ìyẹ̀fun lápá. "Ẹ kú àráfẹ́rakù, Bàbá. Ọlọ́run á dá ọmọ sí." Lẹ́yìn rẹ̀ ni òmíràn, lẹ́yìn ìyẹn ni òmíràn. Wọ́n tò, wọ́n ń kí èmi àti ọmọ mi bí ẹni pé òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ni ó kú. Lójú ìlú wọn, òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ni ó kú. Ẹ̀san ni mo bá wá, ẹnu mi sì ti ṣetán fún un. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ni ó ń dáhùn ìkíni fún wa, ó ń sọ pé ẹ ṣeun, ẹ̀yin náà kò ní rí irú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀kadà wà ni ọmọ mi ti bi mí.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

"Òun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún."

"Èmi ni ẹ̀ bá ti sọ fún. Ìyá tèmi náà ni." Ó gun ọ̀kadà, ó tún ní, "Mẹ́tàlélógójì mà kéré o."

Ó fẹ́ ọkọ rẹ̀, lórí òkè náà gan-an. Mo bi í bóyá ó ṣì lè wọ ibẹ̀. Ó ní wọ́n ti lu agogo ìyá òun, òun lè wọlé báyìí. Bàbá Ìjọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú fọ́tò, aṣọ funfun ni wọ́n fi di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tí okùn bó. Kò bẹ̀ mí, èmi náà kò sì dárí jì í. A máa ń kí ara wa bí àna ṣe ń kí àna.

O lè fẹ́ mọ̀ bóyá ó dùn. Ó dùn. N kò ní purọ́ fún ọ. Bí mo bá rántí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń yọ̀ lórí okùn, nǹkan kan ṣì máa ń rẹ́rìn-ín nínú mi. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí mo fi ọmọ mi sínú ọkọ̀ Adó, mo padà sílé ní Ìjerò, mo ṣí ilẹ̀kùn, mo bọ́ bàtà. Inú mi kún fún ọ̀rọ̀, èmi tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu. Mo ti ya ẹnu, mo ti sọ pé, "Ó lù ú o, gbogbo ẹ̀ pátá," kí n tó rántí pé aya mi ni mo ń sọ ọ́ fún. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí, lórí àpótí ẹnu ọ̀nà, tí ó wá yé mi pé a lè gba ẹ̀san fún òkú, ṣùgbọ́n òkú kì í wá gbà á lọ́wọ́ ẹni.